Equation redox nínú omi ásíìdì: bí a ṣe ń mú un dọ́gba láì méfò

Ẹ wo equation redox yìí dáadáa, ìyẹn èyí tí ẹ̀lẹ́kítírọ́nù ti ń kúrò lọ́wọ́ ohun kan bọ́ sọ́wọ́ òmíràn:

MnO₄⁻ + Fe²⁺ + 8H⁺ → Mn²⁺ + Fe³⁺ + 4H₂O

Manganese kan wà lápá òsì, kan wà lápá ọ̀tún. Irin kan ní òsì, kan ní ọ̀tún. Ọ́síjìn 4 síhìn-ín, 4 sọ́hùn-ún. Háídírójìn 8 síhìn-ín, 8 sọ́hùn-ún. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dé ibí yìí sábà máa ń ju bírò sílẹ̀ pé òun ti parí. Kò tíì parí. Ẹ ka ṣáàjì rẹ̀: lápá òsì, −1 + 2 + 8 jẹ́ +9; lápá ọ̀tún, +2 + 3 jẹ́ +5. Ṣáàjì 4 ti rá sí àárín ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ṣáàjì kì í rá.

Ibi tí 4 yẹn ti wá ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Manganese gbọ́dọ̀ gba ẹ̀lẹ́kítírọ́nù 5 kó tó lè di Mn²⁺. Irin kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ yọ̀ǹda 1 péré. Ẹ yọ 1 kúrò nínú 5, ó ku 4. Ẹ̀lẹ́kítírọ́nù mẹ́rin ni manganese gbà tí kò sẹ́ni tó fún un. Equation tó bá rí bẹ́ẹ̀, irọ́ ló ń pa, bí átọ̀mù rẹ̀ tilẹ̀ pé.

Nítorí náà, kì í ṣe átọ̀mù nìkan la ń mú dọ́gba nínú redox. Ẹ̀lẹ́kítírọ́nù ló ń ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíì. Bíi gbèsè ọjà ló rí: iye tí ẹni tó ń san bá san, iye náà ni ẹni tó ń gbà gbọ́dọ̀ gbà, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Ọ̀nà tí mo fẹ́ fi hàn yín, èyí tí wọ́n ń pè ní half-equation, máa ń ya ẹni tó ń san sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń gbà, kí a lè ka ohun tó wà lọ́wọ́ olúkúlùkù kí a tó so wọ́n pọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní SS2 àti SS3 tí ẹ ń múra sílẹ̀ fún WAEC, NECO tàbí JAMB ni mo ní lọ́kàn jù, àti ẹ̀yin tí ẹ ti wọ yunifásítì tí apá yìí nínú kẹ́mísìrì ò tíì yé. Ẹ mú ìwé àti bírò. A kì í fi ojú lásán kà á mọ̀. Ọwọ́ la fi ń ṣe é.

Ẹ kọ́kọ́ mọ oxidation number

Kẹ́ ẹ tó lè mọ ẹni tó yọ̀ǹda àti ẹni tó gbà, ẹ gbọ́dọ̀ lè ṣírò oxidation number, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ ṣáàjì tí a kà sí átọ̀mù kọ̀ọ̀kan lọ́rùn. Òfin rẹ̀ kò pọ̀. Ohun tó dá wà láìdarapọ̀ mọ́ ohun mìíràn, bíi Cu tàbí O₂ tàbí I₂, òdo ni tirẹ̀. Ion tó jẹ́ átọ̀mù kan ṣoṣo, ṣáàjì rẹ̀ náà ni oxidation number rẹ̀: Fe²⁺ jẹ́ +2, Cl⁻ jẹ́ −1. Ọ́síjìn jẹ́ −2 níbi tó pọ̀ jù, àfi nínú peroxide bíi H₂O₂ tó ti ń jẹ́ −1. Háídírójìn jẹ́ +1, àfi tó bá so mọ́ mẹ́táàlì, bíi nínú NaH, tó ti ń jẹ́ −1. Tí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ nínú ion kan, ṣáàjì ion náà ló gbọ́dọ̀ jáde. Nínú ohun tí kò ní ṣáàjì, òdo ló gbọ́dọ̀ jáde.

Ẹ jẹ́ ká fi MnO₄⁻ dán an wò. Ọ́síjìn mẹ́rin jẹ́ −8. Àròpọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ −1. Manganese wá jẹ́ +7. Níbi Cr₂O₇²⁻, ọ́síjìn méje jẹ́ −14, àròpọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ −2, chromium méjèèjì lápapọ̀ wá jẹ́ +12, ìyẹn +6 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá lọ sókè ti pàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ́nù: oxidation nìyẹn. Ẹni tí tirẹ̀ bá wálẹ̀ ti gba ẹ̀lẹ́kítírọ́nù: reduction nìyẹn. Ó máa ń rú àwọn ọmọ lójú pé ẹni tó gba nǹkan ni nọ́ńbà rẹ̀ ń wálẹ̀. Ẹ rántí pé ohun tó gbà, ṣáàjì máínọ́ọ̀sì ló gbé wá. Máínọ́ọ̀sì tó wọlé ló fa nọ́ńbà wálẹ̀.

Ìgbésẹ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ kìkì ohun tó yí padà. Bí ìbéèrè bá fún yín ní KMnO₄ àti FeSO₄, ẹ yọ K⁺ àti SO₄²⁻ kúrò ná, torí pé bí wọ́n ṣe wọlé náà ni wọ́n ṣe jáde. A óò dá wọn padà tó bá yá. Ohun tó kù nìyí:

MnO₄⁻ + Fe²⁺ → Mn²⁺ + Fe³⁺

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ pín in sí méjì. Manganese kúrò ní +7 ó bọ́ sí +2; irin kúrò ní +2 ó bọ́ sí +3. Kí olúkúlùkù ní ìlà tirẹ̀:

MnO₄⁻ → Mn²⁺
Fe²⁺ → Fe³⁺

Láti ibí lọ, ẹ ṣe ọ̀kan tán kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan èkejì. Ẹni tó bá ń ṣe méjèèjì pọ̀ ló máa ń ti H⁺ ọ̀kan bọ inú èkejì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mú gbogbo átọ̀mù tí kì í ṣe ọ́síjìn tàbí háídírójìn dọ́gba. Nínú èyí tó wà níwájú wa, manganese jẹ́ kan sí kan, irin jẹ́ kan sí kan, kò sí ohun tí a máa ṣe sí i. Ẹ má tìtorí pé ó rọrùn níbí máa fò ó. Níbi Cr₂O₇²⁻, ìgbésẹ̀ yìí ló ń ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́ fún ẹni tó bá fò ó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: omi la fi ń mú ọ́síjìn dọ́gba. Ọ́síjìn 4 wà lápá òsì, kò sí rárá lápá ọ̀tún. Omi 4 gbọ́dọ̀ lọ sápá ọ̀tún:

MnO₄⁻ → Mn²⁺ + 4H₂O

Ẹ má fi O₂ dí àlàfo náà. O₂ ní oxidation number tirẹ̀, òdo ni. Tẹ́ ẹ bá gbé e wọlé, ẹ ti dá redox mìíràn sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bi yín léèrè. Ọ́síjìn inú omi jẹ́ −2 gẹ́gẹ́ bíi ti inú MnO₄⁻, kò sí ohun tó yí padà lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí omi fi yẹ fún iṣẹ́ yìí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: H⁺ la fi ń mú háídírójìn dọ́gba. Omi 4 ti gbé háídírójìn 8 wá sápá ọ̀tún, nítorí náà H⁺ 8 lọ sápá òsì:

MnO₄⁻ + 8H⁺ → Mn²⁺ + 4H₂O

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ̀lẹ́kítírọ́nù la fi ń mú ṣáàjì dọ́gba. Lápá òsì, −1 + 8 jẹ́ +7. Lápá ọ̀tún, +2 ni, torí omi kò ní ṣáàjì. A fẹ́ kí +7 wálẹ̀ sí +2. Ẹ̀lẹ́kítírọ́nù kọ̀ọ̀kan ń fa ṣáàjì wálẹ̀ ní 1, nítorí náà 5 la nílò, apá tí ṣáàjì rẹ̀ ga jù ni a sì ń fi wọ́n sí:

MnO₄⁻ + 8H⁺ + 5e⁻ → Mn²⁺ + 4H₂O

Ẹ wá yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú oxidation number. Manganese kúrò ní +7 ó dé +2, ìyẹn 5. Ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la gbà, ìdáhùn kan náà ló jáde. Tí méjèèjì ò bá fẹnu kò, ẹ má tẹ̀ síwájú. Àṣìṣe ti wà nínú ìgbésẹ̀ kẹta sí ìkarùn-ún. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí +7 ti ṣáàjì àti +7 ti oxidation number dàpọ̀ mọ́ra lọ́kàn yín. Ohun ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Níbi dichromate (Cr₂O₇²⁻), ọ̀kan máa jẹ́ +12, èkejì á jẹ́ +6.

Ìlà irin rọrùn. Lápá òsì +2, lápá ọ̀tún +3. Ọ̀tún ló ga jù, ibẹ̀ ni ẹ̀lẹ́kítírọ́nù kan ń lọ:

Fe²⁺ → Fe³⁺ + e⁻

Ẹ̀lẹ́kítírọ́nù wà lápá òsì nínú ìlà kan, ó wà lápá ọ̀tún nínú ìlà kejì. Bẹ́ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa rí. Tí ẹ bá rí wọn lápá kan náà nínú ìlà méjèèjì, ẹ ti gbé ọ̀kan síbi tí kò yẹ.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ jẹ́ kí iye ẹ̀lẹ́kítírọ́nù bára mu. Manganese ń gba 5, irin ń yọ̀ǹda 1. Ẹ sọ gbogbo ìlà irin di ìlọ́po 5:

5Fe²⁺ → 5Fe³⁺ + 5e⁻

Gbogbo ìlà ni mo wí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ e⁻ di 5 tí wọ́n á wá gbàgbé Fe sẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ ro ìlà méjèèjì pọ̀, kẹ́ ẹ pa ohun tó bá wà lápá méjèèjì rẹ́. 5e⁻ òsì àti 5e⁻ ọ̀tún pa ara wọn rẹ́ pátápátá:

MnO₄⁻ + 5Fe²⁺ + 8H⁺ → Mn²⁺ + 5Fe³⁺ + 4H₂O

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ẹ ka ṣáàjì lẹ́ẹ̀kan sí i. Òsì: −1 + 10 + 8 = +17. Ọ̀tún: +2 + 15 = +17. Ó pé. Kì í ṣe dandan kí ṣáàjì jẹ́ òdo o. Kó ṣáà ti jẹ́ iye kan náà lápá méjèèjì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yí ètò ìgbésẹ̀ kẹrin, ìkarùn-ún àti ìkẹfà padà. Ó nídìí tó fi tò bẹ́ẹ̀. Omi tí a fi mú ọ́síjìn dọ́gba ń gbé háídírójìn wọlé, nítorí náà háídírójìn gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. H⁺ tí a fi mú háídírójìn dọ́gba ń gbé ṣáàjì wọlé, nítorí náà ṣáàjì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé òun náà. Ẹ̀lẹ́kítírọ́nù kò gbé átọ̀mù kankan wọlé, kò ní ba ohun tí ẹ ti tò sílẹ̀ jẹ́. Òun ló fi ń gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá mọ ìdí yìí kò nílò kó há ìgbésẹ̀ kankan sórí.

Bí ìbéèrè bá sọ pé kí ẹ kọ equation náà tán pẹ̀lú KMnO₄ àti FeSO₄, àsìkò tó láti dá K⁺ àti SO₄²⁻ padà. Irin tó jáde ń jẹ́ Fe₂(SO₄)₃, méjì méjì ló ń lọ, bẹ́ẹ̀ irin 5 la ní. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po 2:

2KMnO₄ + 10FeSO₄ + 8H₂SO₄ → 2MnSO₄ + 5Fe₂(SO₄)₃ + K₂SO₄ + 8H₂O

Ẹ ka sulphate rẹ̀: 10 + 8 lápá òsì, 2 + 15 + 1 lápá ọ̀tún. 18 sí 18.

Ásíìdì wo?

H⁺ tá à ń kọ yìí kì í ṣe ohun orí ìwé lásán. Nínú láàbù, ẹ máa bu dilute H₂SO₄ sínú ìgò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kán KMnO₄ sí i. Tí ásíìdì náà ò bá tó, manganese kò ní dé Mn²⁺. Á dúró sí MnO₂, ẹ ó sì rí ohun aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò. Nígbà náà, equation tí ẹ kọ kì í ṣe ti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú yín mọ́.

HCl kò yẹ níbẹ̀, torí pé permanganate (MnO₄⁻) máa gba ẹ̀lẹ́kítírọ́nù lọ́wọ́ Cl⁻ náà, á sọ ọ́ di chlorine. KMnO₄ tó yẹ kó bá irin lò, á ti bá chlorine ná an. HNO₃ náà kò yẹ, torí òun fúnra rẹ̀ lè gba ẹ̀lẹ́kítírọ́nù lọ́wọ́ irin. Sulphate inú dilute H₂SO₄ kì í dá sí ọ̀rọ̀ wọn. Tí olùdánwò bá bi yín pé kí ló dé tí ẹ fi lo H₂SO₄, ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn, máàkì sì wà lórí rẹ̀.

Dichromate àti ọtí

Ní 1954, Robert Borkenstein ṣe Breathalyzer ní ìpínlẹ̀ Indiana, ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ tí àwọn ọlọ́pàá máa ń lò nígbà náà láti mọ̀ bóyá awakọ̀ ti mutí. Awakọ̀ á fẹ́ èémí rẹ̀ sínú rẹ̀. Potassium dichromate nínú sulphuric acid ló wà nínú rẹ̀. Tí ọtí bá wà nínú èémí náà, dichromate tó ní àwọ̀ ọsàn á máa di Cr³⁺ tó ní àwọ̀ ewé, ethanol á sì di ethanoic acid, èyí tó wà nínú ọtí kíkan. Bí àwọ̀ àkọ́kọ́ yẹn bá ṣe ṣá tó ló ń sọ bí ọtí náà ṣe pọ̀ tó. Kó tó lè sọ iye, ẹnìkan gbọ́dọ̀ ti mọ iye dichromate tó ń bá ethanol kan lọ. Ìyẹn ni a fẹ́ ṣírò.

Cr₂O₇²⁻ + C₂H₅OH → Cr³⁺ + CH₃COOH

Ìlà chromium ni ká kọ́kọ́ mú. Chromium 2 wà lápá òsì, nítorí náà Cr³⁺ gbọ́dọ̀ di 2Cr³⁺ kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ọ́síjìn 7, omi 7 sí ọ̀tún. Háídírójìn 14, H⁺ 14 sí òsì. Ṣáàjì: −2 + 14 jẹ́ +12 lápá òsì, 2 × 3 jẹ́ +6 lápá ọ̀tún. Ẹ̀lẹ́kítírọ́nù 6 lọ sápá òsì:

Cr₂O₇²⁻ + 14H⁺ + 6e⁻ → 2Cr³⁺ + 7H₂O

Chromium kọ̀ọ̀kan kúrò ní +6 ó dé +3, ìyẹn 3; méjì ni wọ́n, 6. Ó bára mu. Ẹni tó gbàgbé 2 tó wà níwájú Cr³⁺ á rí +3 lápá ọ̀tún, á fi ẹ̀lẹ́kítírọ́nù 9 sí i, ohun gbogbo á sì dojú rú láti ibẹ̀ lọ.

Ìlà ethanol ló ń ba àwọn kan lẹ́rù, torí pé ó ní kábọ̀nù. Kò yàtọ̀ rárá. Kábọ̀nù 2 sí 2, ó dọ́gba. Ọ́síjìn 1 lápá òsì, 2 lápá ọ̀tún. Omi kan lọ sápá òsì lọ́tẹ̀ yìí:

C₂H₅OH + H₂O → CH₃COOH

Háídírójìn: 6 ti ethanol àti 2 ti omi jẹ́ 8 lápá òsì, 4 lápá ọ̀tún. H⁺ 4 lọ sí ọ̀tún. Ṣáàjì òsì wá jẹ́ òdo, ti ọ̀tún jẹ́ +4, ẹ̀lẹ́kítírọ́nù 4 lọ sí ọ̀tún:

C₂H₅OH + H₂O → CH₃COOH + 4H⁺ + 4e⁻

Nínú ethanol, kábọ̀nù jẹ́ −2 tí a bá pín in dọ́gba láàárín méjèèjì. Nínú ethanoic acid, òdo. Ó gòkè ní 2, kábọ̀nù 2, ẹ̀lẹ́kítírọ́nù 4.

Chromium fẹ́ 6, ethanol ń yọ̀ǹda 4. Nọ́ńbà tó kéré jù tí 6 àti 4 lè pín láìṣẹ́kù ni 12. Ẹ sọ ìlà chromium di ìlọ́po 2, ti ethanol di ìlọ́po 3:

2Cr₂O₇²⁻ + 28H⁺ + 12e⁻ → 4Cr³⁺ + 14H₂O
3C₂H₅OH + 3H₂O → 3CH₃COOH + 12H⁺ + 12e⁻

Ẹ fara balẹ̀ níbi pípa rẹ́ yìí, torí kì í ṣe ẹ̀lẹ́kítírọ́nù nìkan ló wà lápá méjèèjì. H⁺ 28 wà ní òsì, 12 wà ní ọ̀tún: ó ku 16 ní òsì. Omi 3 wà ní òsì, 14 wà ní ọ̀tún: ó ku 11 ní ọ̀tún.

2Cr₂O₇²⁻ + 3C₂H₅OH + 16H⁺ → 4Cr³⁺ + 3CH₃COOH + 11H₂O

Ṣáàjì: −4 + 16 jẹ́ +12, 4 × 3 jẹ́ +12. Bí H⁺ tàbí omi bá ṣì wà lápá méjèèjì nínú ìdáhùn yín, kì í ṣe pé ó jẹ́ irọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kù.

Hydrogen peroxide: níbi tí méfò ò ti lè gbani

Èyí ni mo fẹ́ràn jù láti fi kọ́ ẹni tó bá sọ pé òun lè fi ojú wo equation kí òun sì mú un dọ́gba. Permanganate àti hydrogen peroxide nínú ásíìdì: MnO₄⁻ + H₂O₂ → Mn²⁺ + O₂. Ẹ wo ìdáhùn mẹ́ta yìí:

2MnO₄⁻ + H₂O₂ + 6H⁺ → 2Mn²⁺ + 3O₂ + 4H₂O
2MnO₄⁻ + 3H₂O₂ + 6H⁺ → 2Mn²⁺ + 4O₂ + 6H₂O
2MnO₄⁻ + 5H₂O₂ + 6H⁺ → 2Mn²⁺ + 5O₂ + 8H₂O

Ẹ ka átọ̀mù inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n pé. Ẹ ka ṣáàjì: +4 sí +4 nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kódà, ẹ lè fi 7H₂O₂ síbẹ̀ kí ó jáde pẹ̀lú 6O₂ àti 10H₂O, á ṣì dọ́gba. Ewo ni òtítọ́?

Half-equation nìkan ló lè dá ẹjọ́ yìí. Ti manganese, a ti mọ̀ ọ́n: 5e⁻. Ti peroxide, ọ́síjìn 2 sí 2, kò sí omi tá a máa fi sí i; háídírójìn 2 di H⁺ 2 lápá ọ̀tún; ẹ̀lẹ́kítírọ́nù 2 tẹ̀ lé e:

H₂O₂ → O₂ + 2H⁺ + 2e⁻

5 àti 2 pàdé ní 10. Manganese ìlọ́po 2, peroxide ìlọ́po 5. H⁺ 16 lápá òsì yọ 10 kúrò, ó ku 6. Ìdáhùn kẹta ló jáde, kò sí òmíràn.

Nínú ìdáhùn kìíní, manganese méjì fẹ́ ẹ̀lẹ́kítírọ́nù 10, H₂O₂ kan ṣoṣo sì lè yọ̀ǹda 2. Ibo ni 8 yòókù ti wá? Ọ́síjìn tó wà ní −2 ni wọ́n jí i lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí kò bá wọn dá sí i. Ohun tó jẹ́ kí ìdáhùn wọ̀nyí pọ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé H₂O₂ lè fọ́ fúnra rẹ̀ sí omi àti O₂, 2H₂O₂ → 2H₂O + O₂, equation tó ti dọ́gba láyè ara rẹ̀. Iye ìgbà tó bá wù yín lẹ lè rò ó mọ́ èyí tó tọ́, tàbí kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò lára rẹ̀. Átọ̀mù àti ṣáàjì á ṣì pé, ṣùgbọ́n ìṣírò titration yín (kíkán omi kan sínú òmíràn láti mọ iye ohun tó wà nínú rẹ̀) á ti bàjẹ́.

Bàbà nínú nitric acid

Níbí, nitrate ń ṣe iṣẹ́ méjì, ìyẹn ló ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàmú. Tí dilute nitric acid bá bá bàbà pàdé, NO ló máa ń jáde jù:

Cu → Cu²⁺ + 2e⁻
NO₃⁻ + 4H⁺ + 3e⁻ → NO + 2H₂O

2 àti 3 pàdé ní 6:

3Cu + 2NO₃⁻ + 8H⁺ → 3Cu²⁺ + 2NO + 4H₂O

Ẹ wá sọ ọ́ di equation tó ní HNO₃. H⁺ 8 túmọ̀ sí pé HNO₃ 8 la lò, bẹ́ẹ̀ nitrate 2 péré ló di NO. Nitrate 6 tó kù kò yí padà; àwọn ló bá Cu²⁺ mẹ́ta jókòó gẹ́gẹ́ bíi 3Cu(NO₃)₂. 3Cu + 8HNO₃ → 3Cu(NO₃)₂ + 2NO + 4H₂O. Ẹni tó bá gbìyànjú láti fojú wo èyí kó sì dọ́gba, nitrate tó lọ sí ọ̀nà méjì yẹn ló máa ń dá a dúró.

Bó ṣe kan titration yín

Ká sọ pé ẹ fi pipette gbé 25.0 cm³ omi Fe²⁺ sínú ìgò, ẹ fi dilute H₂SO₄ sí i, ẹ wá ń kán KMnO₄ 0.020 mol/dm³ sí i láti inú burette. Ẹ kò nílò indicator, torí pé àwọ̀ elésè àlùkò KMnO₄ ń pòórá bó ṣe ń kán sí i, títí irin á fi tán. Ẹ̀kán àkọ́kọ́ tó bá jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ láìṣá mọ́ ni òpin. Omi náà dúdú tó bẹ́ẹ̀ tí ìsàlẹ̀ ìtẹ̀wọ̀ rẹ̀ nínú burette kì í hàn, nítorí náà etí òkè ni ẹ máa kà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin. Ká ní 24.00 cm³ lẹ lò.

Móòlù MnO₄⁻ jẹ́ 0.020 × 24.00 ÷ 1000, ìyẹn 0.00048. Equation wa sọ pé MnO₄⁻ kan fún Fe²⁺ márùn-ún, nítorí náà Fe²⁺ jẹ́ 0.0024 móòlù nínú 25.0 cm³. Ẹ pín in fún 0.025, 0.096 mol/dm³ ló jáde. Ẹni tó lo equation tó wà lókè pátápátá, èyí tí átọ̀mù rẹ̀ pé, á kọ 0.0192. Burette rẹ̀ lè tọ́, kíkà rẹ̀ lè tọ́, ìdáhùn rẹ̀ á sì fi ìlọ́po márùn-ún yàtọ̀ sí òtítọ́.

Ẹ dán wọn wò

Ẹ bo ìdáhùn tó wà nísàlẹ̀ mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Inú ásíìdì ni gbogbo wọn.

1. Cr₂O₇²⁻ + I⁻ → Cr³⁺ + I₂
2. Cr₂O₇²⁻ + SO₂ → Cr³⁺ + SO₄²⁻
3. MnO₄⁻ + C₂O₄²⁻ → Mn²⁺ + CO₂
4. MnO₄²⁻ → MnO₄⁻ + MnO₂

Ìkìíní: Cr₂O₇²⁻ + 6I⁻ + 14H⁺ → 2Cr³⁺ + 3I₂ + 7H₂O, ṣáàjì +6 lápá méjèèjì. Ẹ rí i dájú pé ẹ kọ 2I⁻ → I₂ + 2e⁻ kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ di ìlọ́po.

Ìkejì: Cr₂O₇²⁻ + 3SO₂ + 2H⁺ → 2Cr³⁺ + 3SO₄²⁻ + H₂O, ṣáàjì òdo sí òdo. H⁺ 14 ti ìlà chromium ló dínkù sí 2, torí pé SO₂ mẹ́ta ti tú 12 sílẹ̀ láyè tiwọn. Tí tiyín bá ṣì jẹ́ 14, ẹ kò tíì pa H⁺ rẹ́.

Ìkẹta: 2MnO₄⁻ + 5C₂O₄²⁻ + 16H⁺ → 2Mn²⁺ + 10CO₂ + 8H₂O, ṣáàjì +4. Oxalate (C₂O₄²⁻) kan ń di CO₂ méjì, ó ń yọ̀ǹda 2e⁻. Tẹ́ ẹ bá ń ṣe èyí nínú láàbù, ẹ mú omi oxalate náà gbóná dé bíi 60 °C. Ẹ̀kán àkọ́kọ́ máa pẹ́ kó tó ṣá, àwọn tó tẹ̀ lé e á yára, torí pé Mn²⁺ tó ń jáde ń mú iṣẹ́ náà yá.

Ìkẹrin: ohun kan ṣoṣo ló wà lápá òsì, òun náà ló ń yọ̀ǹda, òun náà ló ń gbà. Manganese inú MnO₄²⁻ jẹ́ +6. Ọ̀kan gòkè sí +7, òmíràn wálẹ̀ sí +4. Ẹ ṣáà kọ ọ́ sínú ìlà méjèèjì:

MnO₄²⁻ → MnO₄⁻ + e⁻
MnO₄²⁻ + 4H⁺ + 2e⁻ → MnO₂ + 2H₂O

Ẹ sọ ti òkè di ìlọ́po 2, kẹ́ ẹ rò wọ́n pọ̀: 3MnO₄²⁻ + 4H⁺ → 2MnO₄⁻ + MnO₂ + 2H₂O. Òsì, −6 + 4 jẹ́ −2, ọ̀tún, −2.